Bí Olè Fídíò Ṣe Sọ Bàbá Sàlá Di Onígbèsè

Ẹ̀yin ọmọ Ọjà'ba, Bẹẹrẹ àti Mápó, ta ló dàgbà nínú yín tí Bàbá Sàlá ò pa lẹ́rìn-ín rí? Tẹlifíṣàn WNTV tiwa n'Ìbàdàn níbí ló gbé e wọ yàrá oníkálukú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fíìmù tó fi owó àyálò ṣe kì í ṣọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ní Hollywood, l'Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1931, Monogram lorúkọ rẹ̀. Owó péréte ni wọ́n fi ń ṣe fíìmù, àwọn ilé sinimá sì ń gbà á lọ́wọ́ wọn láti fi han èrò. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèré tó ń ká ìlú kiri náà ni iléeṣẹ́. Ọ̀gá ló ni ọkọ̀, òun ló ni aṣọ eré, àwọn ìyàwó àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣeré. Ta ní jẹ́ bi ọkọ rẹ̀ léèrè owó oṣù?

Fíìmù fúnra rẹ̀ ló ń gbówó mì. Òkè òkun ni wọ́n ti ń rà á, òkè òkun náà ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. Síbẹ̀ wọn ò jáwọ́. Ní 1976, Ọlá Balógun darí "Àjàní Ògún", níbi tí Dúró Ládiípọ̀ àti Adéyẹmí Afọláyan, Ade Love tẹ́ ẹ mọ̀, ti ṣeré. Ade Love tún sọ ìwé Adébáyọ̀ Fálétí, "Ọmọ Olókùn Ẹṣin", di fíìmù "Ìjà Òmìnira". Hubert Ògúnǹdé náà gbé "Ayé" jáde, "Jáyésinmi" sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀dà fíìmù ò pọ̀, ni ọ̀gá fúnra rẹ̀ bá ń gbé e kiri láti ìlú dé ìlú, tí àwọn ará ilé rẹ̀ ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà. Wọn ò fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Wọ́n sì jàre!

1982 ni Bàbá Sàlá, Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, gbé "Ọ̀run Móoru" jáde. Ọlá Balógun náà ló darí rẹ̀. Báńkì ni wọ́n ti yáwó. Kí fíìmù ọ̀hún tó dé ibi tó yẹ kó dé, àwọn kan ti dà á sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á. Ẹni tó ti wò ó ní pálọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí ló tún fẹ́ wá sanwó wò? Owó ò wọlé mọ́, báńkì ò sì gbọ́ àwáwí. Ẹ tiẹ̀ wò ó, nínú eré náà gan-an, ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì ni Bàbá Sàlá ṣe! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra kásẹ́ẹ̀tì yẹn nígbà náà, ẹ ò jalè o, àmọ́ ẹ bá olè jẹun.

Nígbà tí náírà já wálẹ̀ láti 1986, apá ò ká fíìmù mọ́. Ní 1988, Adé Ajíbóyè ya "Ṣoṣo Méjì" sórí fídíò. Fídíò tó ba tẹnìkan jẹ́ wá di oúnjẹ ẹlòmíì. Ọdún yẹn náà ni ìjọba gbé òfin tuntun jáde lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́ fún "Ọ̀run Móoru".

Oṣù kẹwàá 2018 ni Bàbá Sàlá jáde láyé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fowó yín wo fíìmù náà ní sinimá n'Ìbàdàn, kì í ṣe lórí fídíò o, ẹ kọ̀wé sí wa.