Ilé Tí A Yá Gbé Lókè Òkun: Ta Ni Yóò Tún Un Ṣe?

Ìyá kan nínú ìjọ wa ní Ọ̀wọ̀ dúró dè mí lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì ní Ọjọ́rú kan. Ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó ní, "Bàbá Pásítọ̀, ẹ bá mi wo nǹkan yìí." Fọ́tò ògiri ni. Igun yàrá tí ọmọ ọmọ rẹ̀ ń sùn sí ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dúdú láti òkè dé ilẹ̀, bí ìgbà tí búrẹ́dì bá bu. Láti ìgbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀ ni ọmọ náà ti ń wúkọ́. Ìyá ọmọ, tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó níbẹ̀, ti pe ejẹ́ǹtì onílé lẹ́ẹ̀mẹrin lórí fóònù. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀, wọn kò wá. Ó wá pinnu pé òun kò ní san owó ilé mọ́ títí wọn yóò fi tún un ṣe. Ohun tí ìyá yìí ń fẹ́ ni kí a gbàdúrà, kí Ọlọ́run fọwọ́ tọ́ ọkàn onílé náà.

A gbàdúrà. Lẹ́yìn àmín, mo bi í pé, "Ìyá, ṣé ó ti kọ ọ́ sínú ìwé?" Ó ní rárá. Mo ní kí ó pe ọmọ náà kí n bá a sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí ìpinnu rẹ̀ lórí owó ilé ń bà mí lẹ́rù.

Ẹ̀yin ará, àṣà tiwa nílé yàtọ̀. Bí páànù bá ń jò ní ilé tí àwọn ọmọ Poli yá ní Ọ̀wọ̀, tàbí ní ilé tí tíṣà yá ní Ìfọ́n, ayálégbé lè pe kápẹ́ńtà, kí ó sanwó, kí ó sì bẹ onílé pé kí ó yọ ọ́ nínú owó ọdún tó ń bọ̀. Bí onílé bá ṣorí kunkun, a ó rán àgbà sí i. Lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ìwé ni àgbà tí à ń rán.

Ní England, abala 11 nínú òfin onílé àti ayálégbé tí wọ́n ṣe ní 1985 ló pín iṣẹ́ yìí. Ti onílé ni òrùlé, ògiri, páìpù omi, wáyà iná, gáàsì, ilé ìgbẹ́, balùwẹ̀ àti ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Òfin mìíràn tí wọ́n ṣe ní 2018 fi kún un pé ilé náà gbọ́dọ̀ yẹ fún ènìyàn láti gbé. Ayálégbé náà ní tirẹ̀. Ní 1953 ni adájọ́ Lord Denning ti sọ pé ẹni tó yá ilé ni yóò máa ṣe àwọn iṣẹ́ kéékèèké, bíi kí ó la ojú ibi ìfọwọ́ tí ìdọ̀tí òun fúnra rẹ̀ dí. Ẹ má ṣe tìtorí gílóòbù tó kú kọ̀wé sí onílé.

Kí ni ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ èébu ara ògiri tó bẹ́ẹ̀? Ọmọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Awaab Ishak. Ọmọ Sudan ni àwọn òbí rẹ̀, ilé Rochdale Boroughwide Housing ni wọ́n ń gbé ní ìlú Rochdale, nítòsí Manchester. Láti 2017 ni bàbá rẹ̀ ti ń sọ pé ògiri ń bu. Wọ́n ní kí ó kun ọ̀dà sí i. Nígbà tí ìdílé náà gba lọ́yà ní 2020, iṣẹ́ àtúnṣe tún dúró nítorí ẹjọ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá 2020 ni ọmọ náà kú, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méjì ni. Ní oṣù Kọkànlá 2022, ìwádìí lórí ikú rẹ̀ fi hàn pé èébu ilé náà ló ba ọ̀nà èémí rẹ̀ jẹ́. Àwọn onílé gbà lẹ́yìn náà pé àwọn ti rò pé ìgbé ayé ìdílé náà ló fa á, wọ́n sì gbà pé àwọn ṣì í.

Gbólóhùn yẹn ni wọ́n ń sọ fún àwọn ọmọ tiwa náà: ọbẹ̀ yín pọ̀ jù, ẹ ń sá aṣọ sínú ilé. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀ o. Ẹ dé ìkòkò, ẹ ṣí fèrèsé. Ṣùgbọ́n páìpù tó ń jò kò mọ̀ bóyá ẹ̀gúsí ni a ń sè.

Nítorí ọmọ náà ni wọ́n ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní Òfin Awaab, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá 2025. Ilé káńsù àti ti àwọn ẹgbẹ́ onílé ni ó kọ́kọ́ kàn: ewu ojú ẹsẹ̀, wákàtí 24, èébu tó léwu, kí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10. Òfin mìíràn ní 2025 fún ìjọba ní agbára láti mú un dé ọ̀dọ̀ onílé aládàáni.

Ilé aládàáni ni ọmọ wa ń gbé. Mo sọ fún un pé, "Ọmọ mi, san owó ilé rẹ." Bí gbèsè bá pọ̀, onílé á gbàgbé ògiri, owó ni yóò máa bá ọ jà lé lórí, adájọ́ sì lè lé ọ jáde. Mo ní kí ó kọ lẹ́tà sí ejẹ́ǹtì, kí ó fi fọ́tò àti déètì sí i, kí ó ka ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ti pè wọ́n, kí ó sọ ti ikọ́ ọmọ, kí ó sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Bí wọ́n bá ní àwọn ń bọ̀, kí ó ṣílẹ̀kùn fún wọn. Bí wọn kò bá wá, kí ó fi ẹjọ́ sun káńsù. Ẹ̀yin àgbà tó mọ wolé-wolé ayé àtijọ́, tó ń wá tanwíjí nínú ìkòkò omi wa, irú wọn wà níbẹ̀ títí di òní, wọ́n sì lágbára láti pàṣẹ fún onílé. Citizens Advice àti Shelter náà ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Ó ní, "Sà, ṣé kò ní ba físà mi jẹ́?" Ẹ̀rù yìí ló ń pa ọ̀pọ̀ wọn lẹ́nu mọ́. Pípe káńsù láti wá wo ògiri kì í ṣe gbígba owó ìrànwọ́ ìjọba, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Mo ní kí ó ka Léfítíkù 14, láti ẹsẹ 33. Nígbà tí àrùn bá yọ lára ògiri ilé ní Ísírẹ́lì, onílé fúnra rẹ̀ ni yóò lọ sọ fún àlùfáà, wọn yóò yọ òkúta tó bàjẹ́, wọn yóò tún un rẹ́. Mósè kò ní kí wọ́n kun ọ̀dà sí i.

(Ẹni tó bá ń gbé yàrá kan nínú ilé tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé kò ní ààbò tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló wà lọ́dọ̀ bọ̀dá kan báyìí, láìsí ìwé. Kí wọ́n gba ìwé.)

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ó fi ẹjọ́ sùn ni wolé-wolé káńsù dé. Páìpù kan lẹ́yìn ògiri ló ń jò. Nígbà tí mo ń kọ èyí, wọ́n ti pààrọ̀ páìpù náà, wọn kò tíì rẹ́ ògiri. Ọmọ náà ń sùn ní yàrá ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń ya fọ́tò ògiri náà ní gbogbo ọjọ́ Ajé.