Power Grid: eré iná mànàmáná tó ń ni ẹni tó wà níwájú lára

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń béèrè eré orí tábìlì míì yàtọ̀ sí lúdò, mo ti rí ọ̀kan o. Power Grid ni wọ́n ń pè é. Friedemann Friese, ọmọ Jámánì, ló ṣe é, ó sì jáde lọ́dún 2004. Àwa mẹ́rin la jọ ta á lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìgbà àkọ́kọ́ mi nìyẹn.

Kò sí ìtàn kankan nínú ẹ̀, kò sí jagunjagun, kò sí dáìsì tí èèyàn máa jù kó máa gbàdúrà. Owó, máàpù àti ìṣirò ni. Ẹ máa ra ẹ̀rọ tó ń pèsè iná, ẹ máa ra ohun tó máa jó nínú ẹ̀, ẹ ó sì fa iná dé àwọn ìlú. Máàpù Jámánì wà lójú kan, ti Amẹ́ríkà wà lójú kejì. Gbàǹjo ni wọ́n fi ń ta ẹ̀rọ. Ẹni tí kò tan iná sí ìlú kankan pàápàá máa gba owó 10. Mi ò ní sọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn níbẹ̀.

Ọjà èédú ló dùn mọ́ mi jù. Mẹ́ta àkọ́kọ́, owó 1 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, owó 2. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí dé 8. Bẹ́ ẹ bá ti ṣe ń rà á ló ń gbówó lórí. Kò sí ìjọba tó fowó lé e, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó síbẹ̀ lẹ sọ ọ́ di ọ̀wọ́n.

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ìlú rẹ̀ pọ̀ jù ló ń ra èédú kẹ́yìn, òun náà ló ń kọ́lé kẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ wa kan wà níwájú látìbẹ̀rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ dé ìlú 17, tó parí eré, àmọ́ ìlú 13 péré ni ẹ̀rọ rẹ̀ lè tanná sí. Ẹni tó ní ìlú 15, tó tanná sí gbogbo ẹ̀, ló jẹ. Inú bí ọ̀rẹ́ wa gan-an. Ó ní eré tó ń fìyà jẹ ọ̀lẹ lòun mọ̀, òun ò mọ èyí tó ń fìyà jẹ aláápọn.

Mi ò gbà pẹ̀lú ẹ̀ ṣá. Ẹ wo Monopoly: tí ẹnì kan bá ti gba ilẹ̀ tó dáa, àwọn tó kù kàn ń jókòó san owó ilé fún un títí ilẹ̀ á fi ṣú ni. Nínú eléyìí, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la ṣì lè jẹ títí dé ìpele tó kẹ́yìn. Ipò iwájú ní iye tí wọ́n ń tà á, ẹni tó bá fẹ́ ẹ ló máa san án.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn ni ìparí ẹ̀. Gbogbo èèyàn á dákẹ́, wọ́n á máa ka owó, wọ́n á tún un kà. A jẹ dòdò tán kí ẹnì kan tó sọ pé òun ti ṣe tán. Tẹ́ ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tí kì í lè ṣe sùúrù, ẹ má pè é o.