Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Àwọn Alángbá Ilẹ̀ Òkèèrè nínú Ẹ̀kọ́ Ọmọdé

Kí ọmọdé Yorùbá tó dé ilé-ìwé ni ó ti mọ alángbá. Ó ti rí akọ rẹ̀, olórí pupa, tí ń mi orí lókè ògiri. Ó mọ ọmọńlé tí ń ṣọdẹ kòkòrò lára àjà lálẹ́, ó sì ti gbọ́ pé alágẹmọ ń pa àwọ̀ dà. Bí ó bá jẹ́ ọmọ etí odò, kò ní í ṣàìmọ awọ́nrínwọ́n, olè tí ń kó ẹyin adìẹ jẹ. Orúkọ mẹ́rin wọ̀nyí tó olùkọ́ fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa àwọn ẹranko afàyàfà gbogbo àgbáyé, bí ó bá mọ̀ ọ́n lò.

Láti 1970, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ni ọ̀ràn ọ̀rọ̀-ìperí ti di ọ̀ràn ojoojúmọ́ fún olùkọ́. Ní ti àwọn alángbá òkèèrè, ewu kan wà tí a kò kọbi ara sí tó. Àwọn atukọ̀, àgbẹ̀ àti onítàn ni ó sọ ọ̀pọ̀ nínú wọn lórúkọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí ó sì dẹ́rù bà wọ́n ni wọ́n fi sọ ọ́. Bí olùkọ́ bá túmọ̀ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ní olówuuru, àṣìṣe àwọn atukọ̀ yóò di ìmọ̀ ọmọ wa. Ìlànà tí a dábàá ni pé kí orúkọ kọ́kọ́ fi ìdílé ẹranko náà hàn, kí ohun tí ojú rí lára rẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ kí a wo èyí tí ó tóbi jù lọ nínú wọn. Ní erékùṣù Komodo, Rinca àti Flores ní ilẹ̀ Indonéṣíà ni ó ń gbé. Gígùn rẹ̀ lè tó mítà 3, ó sì ń pa àgbọ̀nrín àti ẹlẹ́dẹ̀ igbó jẹ. Ní 1912 ni Peter Ouwens kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún àwọn onímọ̀. Dragon ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, èyíinì ni ẹranko inú ìtàn tí ń yọ iná lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọmọ etí odò wo àwòrán rẹ̀: ọrùn gígùn, èékánná ńlá, ìrù tí ó nípọn, ahọ́n tí ó là sí méjì bí ti ejò. Awọ́nrínwọ́n ni yóò pariwo! Òtítọ́ ni ó sì sọ. Ìran Varanus kan náà ni àwọn méjèèjì. Ahọ́n yẹn ni wọ́n fi ń kó òórùn láti inú afẹ́fẹ́ wá sí àjà ẹnu. *Awọ́nrínwọ́n Komodo*, nígbà náà, jẹ́ orúkọ tí ó sàn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, nítorí pé ó sọ ẹbí ẹranko náà fún wa. Lẹ́yìn èyí ni olùkọ́ lè wá sọ àwọn ìyanu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀: ní 2006, a ròyìn pé abo rẹ̀ lè yé ẹyin tí yóò di ọmọ láìsí akọ, ní 2009, pé oró wà nínú ẹnu rẹ̀. Láti 2021 ni àjọ IUCN ti kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu àkúrun.

Alángbá ilé wa pàápàá ní ìbátan káàkiri. Ọ̀kan wà ní aṣálẹ̀ Ọsirélíà tí ẹ̀gún bo gbogbo ara rẹ̀, tí kì í jẹ ju èèrà lọ. Tínńtín ni ihò-ojú-omi tí ó wà láàárín ìpẹ́ rẹ̀; bí ó bá dúró lórí iyanrìn tútù, omi yóò máa gba ibẹ̀ gòkè wá sí ẹnu rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òwú fìtílà ti ń fa epo. Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ bìlísì pè é. Kí olùkọ́ má ṣe dán an wò láti mú Èṣù wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. *Alángbá ẹlẹ́gùn-ún* ti tó. Èkejì rẹ̀ ní Ọsirélíà, tí ń ṣí awọ ọrùn rẹ̀ sílẹ̀ láti dẹ́rù ba ọ̀tá, a lè pè é ní *alángbá alágbòòrùn*.

Draco ti gúúsù-ìlà-oòrùn Éṣíà ni ó gba àròjinlẹ̀. Egungun ìhà rẹ̀ gùn, ó sì ti awọ síta ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí abẹ̀bẹ̀. Láti orí igi kan, ó lè lọ ju mítà 30 kí ó tó balẹ̀ sí ara igi mìíràn. Àwọn kan lè fẹ́ pè é ní alángbá tí ń fò. A kò fara mọ́ èyí, nítorí pé ẹni tí ń fò ń ju apá. Àṣá tí ó na ìyẹ́ tí kò jù ú ni ó jọ, ohun tí a sì ń sọ nípa irú àṣá bẹ́ẹ̀ ni pé ó ń rábàbà. *Alángbá arábàbà*, nítorí náà.

Ní Madagásíkà, ọmọńlé kan wà tí ìrù rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ewé gbígbẹ. Ọmọ ilé tí kò wọ ilé rí! Síbẹ̀, *ọmọńlé onírù-ewé* ni kí ó máa jẹ́, nítorí ìdílé ni a ń wò. Erékùṣù yìí kan náà ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo ẹ̀yà alágẹmọ ayé ń gbé. Ọ̀kan nínú wọn, Brookesia nana, tí a kéde ní 2021, kéré débi pé akọ rẹ̀ kò tó mílímítà 22 láti imú dé ìrù.

Ti Amẹ́ríkà ṣòro díẹ̀. Alángbá oníwo tí ń tu ẹ̀jẹ̀ láti ojú sí ajá tí ó bá kọlù ú ni wọ́n ń pè ní ọ̀pọ̀lọ́ níbẹ̀. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un, Phrynosoma, kò tilẹ̀ bọ́ nínú àṣìṣe náà, ara ọ̀pọ̀lọ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ní ti iguana, ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ni ó ń fi orúkọ yìí pe awọ́nrínwọ́n bí wọ́n bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdílé wọn kò pa pọ̀. Kí a yá ọ̀rọ̀ náà, *ìgùánà*, kí a sì pe ti erékùṣù Galápagos, tí Charles Darwin rí ní 1835, ní *ìgùánà òkun*: koríko inú òkun ni ó ń jẹ, imú ni ó sì fi ń fín iyọ̀ dànù.

Gbogbo alángbá ni ó danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Àwọn kan wà ní Yúróòpù tí kò lẹ́sẹ̀ rárá, tí ọmọdé yóò pè ní ejò. Kí olùkọ́ má tètè jẹ́wọ́ ìdáhùn; kí ó ní kí wọ́n wo ojú ẹranko náà. Ìpéǹpéjú rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé. Ejò kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ni kí ó fi àwòrán ti Niu Sílándì hàn wọ́n, tí ó jọ alángbá láti orí dé ìrù ṣùgbọ́n tí kì í ṣe alángbá, òun nìkan ni ó ṣẹ́kù nínú ìran tirẹ̀. Àwọn Māori tí wọ́n ni ilẹ̀ náà ti wo góńgó tí ó tò sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì ti fi sọ ọ́ lórúkọ. *Túátárà* ni kí àwa náà máa pè é.