Fìlà aró tí ará Scotland fi ń mọ ọ̀tá

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, bí àwọn àgbà ṣe máa ń wí. Ní ilẹ̀ Scotland láyé ọjọ́un, fìlà orí ọkùnrin ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò. Fìlà ọ̀hún kì í ṣe ti olówó. Àgbẹ̀, darandaran àti oníṣẹ́ ọwọ́ ló ń dé e. Ó fẹ̀ pẹrẹsẹ, aró ni wọ́n sì fi ń rẹ ẹ́.

Kilmarnock àti Stewarton, ní agbègbè Ayrshire, ni iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀. Irun àgùntàn ni wọ́n fi ń hun ún. Wọn a hun ún tóbi ju orí lọ, wọn a rì í sómi, wọn a sì máa lù ú títí yóò fi súnkì, tí yóò sì nípọn débi pé òjò kì í tètè ráyè kan orí. Títí dòní, Ìlú Onífìlà ni ìnagijẹ Stewarton.

Ọdún 1745 ni fìlà di ọ̀ràn ẹ̀mí. Charles Edward Stuart dé láti ilẹ̀ Faransé, ó ń jà fún adé tó ní ti bàbá òun ni. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ so ríbọ́nù funfun mọ́ fìlà wọn. Bẹ́ẹ̀ àwọn ará òkè Scotland kan wà lẹ́yìn ìjọba, aṣọ kan náà, èdè kan náà. Ríbọ́nù dúdú ni tiwọn. Lójú ogun Culloden, ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 1746, fìlà ló ń sọ ẹni tí wọn ò gbọdọ̀ pa. Àwọn onífunfun ló fìdí rẹmi.

Lọ́dún yẹn kan náà ni òfin dé. Ìjọba ka aṣọ àwọn ará òkè léèwọ̀ fún ọkùnrin tí kì í bá ṣe sójà. Ẹ̀wọ̀n oṣù 6 ni fún ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀. Bó bá tún un ṣe, wọn a kó o lọ sókè òkun fún ọdún 7. Nínú àwọn aṣọ tí òfin náà dárúkọ, fìlà kò sí níbẹ̀. Ìjọba tó ń lé aṣọ kiri yìí náà ló sì ń fi í wọ sójà tirẹ̀! Ọdún 1782 ni wọ́n tó fagi lé e.

Lọ́dún 1790, Robert Burns kọ ewì nípa àgbẹ̀ ọ̀mùtí kan, Tam o' Shanter. Orúkọ àgbẹ̀ náà ni wọ́n wá fi ń pe fìlà pẹrẹsẹ yìí.

Nígbà tí ìjọba pa àwọn ẹgbẹ́ ológun Scotland pọ̀ di ẹyọ kan lọ́dún 2006, inú ọ̀pọ̀ sójà tó ti fẹ̀yìn tì kò dùn. Ìyẹ́ ara fìlà ni ìpín kọ̀ọ̀kan fi di ìdánimọ̀ àtijọ́ mú. Pupa ni ti Black Watch.