Ohùn dùùrù tó ń sọ̀rọ̀ bíi gángan: bí a ṣe wá ohùn William Onyeabor rí ní Ṣàkẹ́tẹ́

Bí ẹ bá dúró lẹ́bàá títì tó ti Àjàṣẹ́ wá sí Ṣàkẹ́tẹ́, tó tún kọjá lọ sí Pọbẹ̀, lọ́jọ́ Sátidé tí ìnáwó pọ̀, ohùn méjì lẹ ó máa gbọ́. Ọ̀kan ni gángan tí àwọn onílù fi ń kí olówó òde. Èkejì ni kíbọ́ọ̀dù oníná tí ọmọkùnrin kan jókòó tì, tó ń dá lu ìlù, tó ń dá fọn fèrè, tó ń dá ta gìtá, gbogbo rẹ̀ láti ara ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbà pé ọ̀tá ni àwọn méjèèjì, pé ibi tí kíbọ́ọ̀dù bá dé, gángan gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ ni. Àwa náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohùn kan.

Àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin nínú Ṣàkẹ́tẹ́ Kìíní ló gbé ọ̀rọ̀ náà wá bá wa. Orin kan ni wọ́n fi gbọ́ wa létí, ‘Fantastic Man’ tí William Onyeabor kọ, tó wà nínú àwo rẹ̀ ‘Tomorrow’ tó jáde ní 1979. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orin náà ni wọ́n ń béèrè. Ohùn dùùrù inú rẹ̀ ni wọ́n fẹ́: ohùn tínrín kan tó ń yọ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, tó tún ń yọ̀ padà wálẹ̀, bí ẹni tó ń pe èèyàn láti òdìkejì odò. Wọ́n ti wá a títí, wọn kò rí i. Wọ́n fẹ́ irú rẹ̀ sínú orin tiwọn, wọ́n sì fẹ́ kó jẹ́ àwọn fúnra wọn ni wọ́n ṣe é, kì í ṣe pé wọ́n gé e láti inú àwo ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ Onyeabor, ẹ jẹ́ ká sọ díẹ̀ nípa rẹ̀. Ọmọ Igbo ni, Enugu ló ń gbé ní Nàìjíríà. Láàárín 1977 sí 1985, àwo mẹ́jọ ló ṣe, ilé iṣẹ́ tirẹ̀ tó ń jẹ́ Wilfilms ló sì gbé wọn jáde. Nígbà yẹn, dùùrù oníná tí wọ́n ń pè ní synthesizer ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa, owó kékeré kọ́ ni wọ́n fi ń rà á, ṣùgbọ́n òun ti kó wọn jọ síwájú, ó ń fi wọ́n kọ orin tó gùn gan-an. Lẹ́yìn 1985, ó fi orin sílẹ̀, ó di onígbàgbọ́, ó gbájú mọ́ òwò, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi òun léèrè ọ̀rọ̀ àtijọ́ mọ́. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Ní 2013 ni Luaka Bop, ilé iṣẹ́ àwo tí David Byrne dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kó àwọn orin náà jọ sínú àwo kan, tí àkọlé àwo ọ̀hún fúnra rẹ̀ sì ń béèrè pé ta ni William Onyeabor. Ó kú ní Enugu ní oṣù kìíní ọdún 2017, lẹ́ni 70 ọdún.

A gbé kọ̀ǹpútà sílẹ̀, a sì lo Surge, ètò kan tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lálẹ́ ọjọ́ kìíní, àwọn ohùn tí wọ́n ti ṣe sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ la ń yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Òmíràn dún bíi dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, òmíràn bí aago. Kò sí èyí tó jọ ọ́. A wá rí i pé a ní láti ṣe é láti ìpìlẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dán an wò náà lè tẹ̀lé wa.

Àkọ́kọ́ ni ìgbì ohùn. Oríṣiríṣi ìgbì ló wà nínú ẹ̀rọ yìí, èyí tí a sì mú ni èyí tó rí bí eyín ayùn, nítorí ohùn rẹ̀ mú, ó sì kún. Méjì la fi síra wọn, a wá fi ọ̀kan sókè díẹ̀ ju èkejì lọ, kí wọ́n má baà bára mu géérégé. Èyí ló ń jẹ́ kí ohùn náà máa gbọ̀n bí ohun tó lẹ́mìí. Èkejì ni asẹ́. Bí a ṣe ń sẹ́ ògì kí èèrí má baà bá a lọ, bẹ́ẹ̀ ni asẹ́ inú ẹ̀rọ yìí ṣe ń dí ohùn tó bá ga jù lọ́wọ́. A ti asẹ́ náà pa díẹ̀, mímú ohùn náà sì rọ̀.

Ẹ̀kẹta ni pé a jẹ́ kí ẹ̀rọ náà máa fọ ohùn kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, bí ọ̀nà ọ̀fun èèyàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Minimoog, ẹ̀rọ olókìkí tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1970, ṣe rí: bí ẹ fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tẹ̀ ẹ́, ohùn kan péré ni yóò dún. Ẹ̀kẹrin sì ni yíyọ̀ náà gan-an, tí àwọn olórin ń pè ní glide tàbí portamento. Bí ẹ bá tẹ ohùn kan, tí ẹ wá tẹ òmíràn, ẹ̀rọ náà kò ní fò láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì, yíyọ̀ ni yóò máa yọ̀ lọ. Ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 440 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan lè lọ sí 880, kó sì kan gbogbo ohùn tó wà láàárín wọn lójú ọ̀nà. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá la fún un láti fi rin ìrìn náà.

A rò pé a ti parí iṣẹ́. A tẹ̀ ẹ́, ó dún bí ológbò tí ebi ń pa. Gbogbo ibi ló ti ń yọ̀, kò síbi tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ohùn náà jọ ti Onyeabor bí ẹ bá gbọ́ ọ fìrí, ṣùgbọ́n bó bá ti ń lọ, ariwo lásán ni.

Lọ́jọ́ kejì ni onílù kan ń kọjá lọ síbi ìnáwó, gángan rẹ̀ lábẹ́ abíyá. A bẹ̀ ẹ́ kó lù ú díẹ̀ fún wa, a sì fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. A jókòó, a ń gbọ́ ọ léraléra. Ibẹ̀ la ti rí àṣìṣe wa. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé tí onílù bá fún ọsán gángan, awọ yóò le, ohùn yóò sì ga. Tó bá tú u, ohùn yóò wálẹ̀. Ohun tí a kò kíyè sí tẹ́lẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń yọ̀. Ó ń gbá òmíràn kó dúró gbọn-in, kìkì ibi tí ọ̀rọ̀ ti yọ̀ ni ìlù náà ti ń yọ̀.

Ẹ dán an wò lẹ́nu yín. Ẹ pe ‘yìí’, ẹ ó gbọ́ bí ohùn yín ṣe ń gun òkè. Ẹ pe ‘náà’, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wá pe ‘rárá’, ohùn dúró sókè, kò yọ̀ rárá. Ẹnu wa ti mọ iṣẹ́ yìí láti kékeré, gángan sì ń ṣe bíi ti ẹnu ni. Ìyẹn ni kò sí nínú ohùn tí a ṣe.

A padà sídìí kọ̀ǹpútà. Surge ní ọ̀nà kan tó jẹ́ pé ohùn kò ní yọ̀ àfi bí ìka èkejì bá ti tẹ̀ kí ti àkọ́kọ́ tó gbéra. Bí ìka bá gbéra kí èkejì tó tẹ̀, ohùn tuntun yóò dúró ṣinṣin. Nípa báyìí, ọwọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ló ń yan ibi tí ohùn yóò ti yọ̀, gẹ́gẹ́ bí abíyá onílù ṣe ń yàn án. A ní kí àwọn ọ̀dọ́ náà kọ́kọ́ fẹnu sọ gbólóhùn kan, lẹ́yìn náà kí wọ́n fi ìka tẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ tí ohùn náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Àwa kò sọ pé gángan ni Onyeabor ń fara wé ní Enugu. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí gángan bá ti wà létí rẹ̀ ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà kó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Bí gángan bá wá dákẹ́ lóde wa, kì í ṣe onílù nìkan ni yóò pàdánù. Ọmọ tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù náà kò ní mọ ibi tó yẹ kí ohùn ti yọ̀ mọ́.

Ìdí nìyí tí a fi ní ṣíṣe àtúnṣe orin yàtọ̀ sí àdàkọ. Ní 2014, ọ̀pọ̀ olórin kóra jọ lábẹ́ orúkọ Atomic Bomb! Band, wọ́n sì ń kọ orin Onyeabor lórí ìtàgé ní Amẹ́ríkà àti ní London. Wọ́n pọ̀ lórí iṣẹ́ tó jẹ́ ti ẹnì kan. Ní 2018, Angélique Kidjo, ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa níbí, tún gbogbo àwo ‘Remain in Light’ kọ, àwo tí David Byrne àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Talking Heads, ṣe ní 1980 lẹ́yìn tí wọ́n ti tẹ́tí sí orin Fela. Kidjo kò dà á kọ. Ó pe Tony Allen, tó ti lu ìlù fún Fela, ó sì mú orin náà padà wá sílé.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Gígé ohùn láti inú àwo ẹlòmíràn gba àṣẹ, èyí tí ẹ bá fọwọ́ ara yín ṣe kò gbà á, bí ẹ kò bá ti kó orin onítọ̀hún mọ́ ọn. Tí ẹ bá sì ti ṣe orin yín tán, ẹ lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ BUBEDRA, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ àwọn olórin nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. ‘Good Name’ ni Onyeabor pe àwo rẹ̀ ti 1983, àwa náà sì máa ń sọ pé orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Síbẹ̀, díẹ̀ ló kù kí orúkọ tirẹ̀ gan-an parẹ́.

Nítorí náà la ṣe sọ fún àwọn ọ̀dọ́ wa pé kí wọ́n kọ orúkọ méjì sára orin tí wọ́n ń ṣe: orúkọ Onyeabor tí wọ́n ti ara rẹ̀ rí ohùn náà, àti orúkọ onílù tó kọ́ wọn bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Wọ́n gbà. Wọ́n tún ní àwọn yóò pe onílù náà padà kó wá lu gángan sínú orin ọ̀hún. A ní ó dára, ṣùgbọ́n kí wọ́n má gbàgbé láti sanwó rẹ̀.