Iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn: ohun tó jáde lábẹ́ àpáta Ìsàrun kò tíì sọ̀rọ̀ tán

Ihò Eléérú wà nínú igbó nítòsí Ìsàrun, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Iwo Eleru ni ọ̀pọ̀ ìwé lókè òkun ń pè é. Lọ́dún 1965, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw kó àwọn awalẹ̀pìtàn lọ síbẹ̀. Òkúta tí ọwọ́ ènìyàn ti gbẹ́, tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù, ni wọ́n wú jáde, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ju èékánná lọ. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n bá egungun ẹnì kan, èyí tó pẹ́ jù lọ tí wọ́n tíì rí ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

Ẹni tó bá rò pé ṣọ́bìrì ni wọ́n fi ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kò tíì bá wọn lẹ́nu rẹ̀. Okùn ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń pín ilẹ̀ sí igun mẹ́rin-mẹ́rin. Wọ́n á wá fi irin pẹlẹbẹ tí bíríkìlà ń lò ha yẹ̀pẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á fi asẹ́ jọ̀ ọ́, wọ́n á sì kọ ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ti jáde sára àpò rẹ̀. Èérún èédú lásán, wọn kì í fọwọ́ mú un, torí òun ló máa sọ iye ọdún tí ìpele náà ti lò nílẹ̀. Egungun tí wọ́n bá yọ láìkọ ibi tó sùn sílẹ̀ ti di egungun ṣákálá.

1984 ni Shaw àti akẹgbẹ́ rẹ̀, Daniels, tó tẹ àbọ̀ iṣẹ́ Ihò Eléérú jáde, ọdún mọ́kàndínlógún gbáko! Ìyẹn náà kò parí rẹ̀. Ní 2011, onímọ̀ Katerina Harvati àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún agbárí ẹni tí wọ́n bá níbẹ̀ yẹ̀ wò: ó ti wà láti nǹkan bí 11,700 sí 16,300 ọdún sẹ́yìn, síbẹ̀ ó gùn, ó rẹlẹ̀, bíi ti àwọn tó gbé ayé ṣáájú ìgbà náà tipẹ́tipẹ́. Àwọn onímọ̀ tún padà sínú ihò náà. Àbọ̀ tí wọ́n jẹ́ ní 2023 ni pé, nígbà tí ọ̀dàn gba agbègbè náà ní nǹkan bí 6,000 ọdún sẹ́yìn, igbó kò kúrò láyìíká ihò.

Òfin 1979 ní kí ẹnikẹ́ni má walẹ̀ wá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láìgba ìwé àṣẹ. Ó dára, ṣùgbọ́n ìpamọ́ ṣe pàtàkì ju ìwé àṣẹ lọ. Ká ní agbárí 1965 ti sọnù ni, kí ni wọn ì bá yẹ̀ wò ní 2011?

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa ìpìlẹ̀ ilé, ẹ̀yin àgbẹ̀, bí ẹ bá kan àpáàdì tó pọ̀, ẹdùn àrá tàbí egungun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má gbé e kúrò. Ẹ ránṣẹ́ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó bá sún mọ́ yín kí katakata tó dé ibẹ̀.