Jíìpù Ogun Àtijọ́: Ìnira Tó Wà Nínú Sísọ Ògbólógbòó Ọkọ̀ Dọ̀tun

Ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó bá ti ga nílẹ̀, tí táyà rẹ̀ sì tóbi, jíìpù ni tọmọdé tàgbà ń pè é, ìbáà jẹ́ Toyota, ìbáà jẹ́ Lexus. Ọkọ̀ ọlọ́lá ni, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì ń fi í ṣe àdúrà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ náà kò ga, kò ní ilẹ̀kùn, kò ní fèrèsé ẹ̀gbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ lásán ni a fi ń bo orí rẹ̀. Ọkọ̀ ogun ni.

Ní ọdún 1940, nígbà tí ogun Hitler ti gba apá púpọ̀ nílẹ̀ Yúróòpù, àwọn ológun Amẹ́ríkà ránṣẹ́ sí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe mọ́tò pé àwọn ń fẹ́ ọkọ̀ kékeré kan tí ó lè gun òkè, tí ó lè la ẹrẹ̀ kọjá, tí ó sì fúyẹ́. Ọjọ́ 49 péré ni wọ́n fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀. Bantam, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní ìlú Butler ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ni ó ṣe é. Karl Probst ni ó ya àwòrán rẹ̀, ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni wọ́n sì fà á lé ológun lọ́wọ́. Nígbà tí ó yá, Willys ní Toledo àti Ford ni wọ́n gba iṣẹ́ ńlá náà ṣe. Kí ogun tó parí ní 1945, àwọn méjèèjì ti ṣe jíìpù tí iye rẹ̀ lé ní 600,000.

Lẹ́yìn ogun, ìjọba tà wọ́n bí ẹni ta àlòkù. Àgbẹ̀ rà wọ́n fún oko. Ní Philippines, wọ́n fa ẹ̀yìn wọn gùn, wọ́n kùn wọ́n ní àwọ̀ mèremère, wọ́n sì fi wọ́n kó èrò. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní jeepney ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn jókòó sínú abà, ewéko bò wọ́n. Àwọn wọ̀nyí ni àwọn ènìyàn ń wá kiri lónìí láti sọ dọ̀tun.

Kí ló ń fa ènìyàn sí i?

Ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ lè sọ pé wèrè ló ń ṣe ẹni tí ń náwó sórí irin tí ó ti dípẹtà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Bírítéènì, ní Faransé àti ní Amẹ́ríkà, bàbá tàbí bàbá àgbà wọn ni ó ja ogun náà. Àwọn tí ogun ọ̀hún ṣojú wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Ohun tí ó kù tí a lè fọwọ́ kàn, tí a sì lè gbọ́ ohùn rẹ̀, kò pọ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà, tí Yorùbá wà nínú wọn, ni Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sí Burma, tí àwọn àgbà wa ń pè ní Bọ́mà, láti lọ bá àwọn ará Japan jà. Láti ìparí ọdún 1943 wọ ìbẹ̀rẹ̀ 1944, àwọn sójà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà la ọ̀nà kan tí ó gùn ju 70 máìlì lọ láàrin òkè àti igbó kìjikìji, láti Chiringa dé àfonífojì odò Kaladan. West African Way ni wọ́n sọ ọ́. Ìwọ̀n jíìpù ni wọ́n fi là á, ọkọ̀ tí ó bá tóbi ju jíìpù lọ kò lè gbà á. Níbi tí ọ̀nà náà parí sí, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù ogun. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùrẹ̀-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wà lára àwọn tí ó dé àfonífojì yẹn. Ó gbọgbẹ́ níbẹ̀ ní 1944, àwọn ará abúlé ni ó sì fi í pamọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù títí ó fi rí ìgbàlà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń fi ìyanrìn pa ìpẹtà lára jíìpù ogun, ìtàn àwọn baba tiwa náà ni ó ń fọwọ́ kàn.

Ta ni ọ̀gá rẹ̀ gan-an?

Ìṣòro àkọ́kọ́ kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì rárá. Ti mímọ ohun tí a rà ni. Willys àti Ford ṣe ọkọ̀ wọn kí ẹ̀yà ara ọ̀kan lè bá èkejì mu, kí àtúnṣe lójú ogun má baà nira. Bí bọ́ǹbù bá ba iwájú ọ̀kan jẹ́, àwọn mẹkáníìkì ológun a yọ iwájú òmíràn fi dí i. Ìdí nìyí tí ó fi ṣòro láti rí èyí tí gbogbo ara rẹ̀ ti ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo wá.

Ojú tí ó mọ́ a máa wo ṣásì lábẹ́ ọkọ̀. Irin ìdábùú iwájú ti Willys rí roboto bíi páìpù; ti Ford ní igun. Ford tún tẹ lẹ́tà F sára ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ọkọ̀, títí kan orí bóòtù. Àwọn kan wà tí ó lè lo ọ̀sẹ̀ gbáko láti máa wá bóòtù kan tí ó ní F lórí, nígbà tí èyí tí kò ní in wà ní ṣọ́ọ̀bù itòsí.

Àwọn ẹlẹ́tàn náà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ogun, Willys ṣe jíìpù fún aráàlú, àwọn kan sì ń kùn ún ní àwọ̀ ológun kí wọ́n lè tà á lówó gọbọi. Ẹ ka àwọn ihò iwájú rẹ̀: mẹ́sàn-án ni ti jíìpù ogun tí a sábà máa ń rí, méje ni ti aráàlú. Ẹ sì wo ẹ̀yìn rẹ̀: bí ó bá ní ilẹ̀kùn tí a ń ṣí wálẹ̀ láti kó ẹrù, kò lọ sójú ogun.

Ìpẹtà tí ojú kò rí

Bí a bá ti mọ ohun tí a rà, ìpẹtà ló kàn. Èyí tí ó wà níta kò burú tó èyí tí ó fara pamọ́. Lábẹ́ ilẹ̀ jíìpù, àwọn irin kan wà tí ó dà bí fìlà tí a dojú rẹ̀ dé, tí wọ́n fi gbé ilẹ̀ ọkọ̀ náà dúró. Nígbà tí wọ́n ń ṣe é, wọ́n ki igi sínú irin wọ̀nyí kí ó lè lágbára. Igi mu omi fún ọgọ́rin ọdún, omi sì jẹ irin láti inú wá. Ẹni tí ó bá fi òòlù gbá ibẹ̀ lè rí i kí ó wọlé bí ẹni gbá àkàrà.

Ibi tí táńkì epo jókòó sí, lábẹ́ àga awakọ̀, náà kì í gbẹ́yìn. Kòtò kan ni wọ́n ṣe sílẹ̀ fún un, omi òjò àti ẹrẹ̀ a sì máa dúró síbẹ̀. Nígbà tí wẹ́dà bá fi máa gé irin tó ti jẹrà kúrò, ohun tí ó kù lè má tó ohun tí ó gé.

Ibí ni onílé ti ní láti yàn. Ó lè fi sùúrù lẹ èyí tó wà, tàbí kí ó ra ara tuntun. Philippines, ilẹ̀ àwọn oní-jeepney, ni wọ́n ti ń rọ irú rẹ̀ lónìí. Tuntun yá, ó sì mọ́. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ara àtijọ́ ni ìtàn ń bá lọ. Nígbà tí a bá fi ẹ̀sọ̀ ha ọ̀dà, ìpele ìpele ni ó ń ṣí: àwọ̀ tí àgbẹ̀ kùn, àwọ̀ tí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ kùn, lẹ́yìn náà àwọ̀ ewé gbígbẹ ti ológun, bóyá pẹ̀lú ìràwọ̀ funfun àti nọ́ńbà. Ẹni tí ó bá ti fi ẹ̀rọ ha gbogbo rẹ̀ dànù ní wákàtí kan kò lè rí i mọ́ láé. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ́ńjìnnì tí ó ti sùn

Ẹ́ńjìnnì jíìpù kò le púpọ̀: sìlíńdà mẹ́rin, lítà 2.2, agbára ẹṣin 60. Iná mànàmáná rẹ̀ jẹ́ fóòtì 6, ìdajì ti ọkọ̀ òde òní. Ṣùgbọ́n èyí tí kò ṣiṣẹ́ fún ogójì ọdún a máa gan, àwọn písítìn a lẹ̀ mọ́ ara sìlíńdà. Aláìnísùúrù a fi okùn so ó mọ́ ọkọ̀ mìíràn, a fà á, ohun tí ó kù nínú rẹ̀ a sì fọ́. Ọlọ́gbọ́n a yọ pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a da òróró tí ń wọnú ìpẹtà sí i, a fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, a sì máa yí i díẹ̀díẹ̀ síwá sẹ́yìn. Bí ó bá yí ìwọ̀n ìka kan lónìí, ayọ̀ ni.

Ní àwọn ilẹ̀ olótùútù, omi tí ó di yìnyín nínú ẹ́ńjìnnì lè ti sán an láìhàn síta. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí a tó náwó sí ohunkóhun mìíràn. Bẹntiróòlù òde òní pàápàá ní wàhálà tirẹ̀: ọtí ethanol tí wọ́n ń pò mọ́ ọn ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè a máa jẹ rọ́bà àtijọ́ tí ó wà nínú páìpù epo. Epo a jò, lábẹ́ ìdí awakọ̀.

Níbi tí ewu wà

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ṣeré nínú iṣẹ́ yìí. Bíréèkì jíìpù ogun, orísun kan ṣoṣo ló ń pín omi rẹ̀ fún ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí páìpù kan bá bẹ́, gbogbo ẹsẹ̀ ni kò ní mú mọ́. Nítorí náà, páìpù bíréèkì ni ohun tí a kì í ṣe ahun sí.

Ríìmù àwọn jíìpù ogun náà lè pani. Abala méjì ni, bóòtù ló so wọ́n pọ̀. Ẹni tí ó bá tú àwọn bóòtù wọ̀nyẹn nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú táyà lè rí i kí irin fò sí i lójú. Ó di dandan kí afẹ́fẹ́ jáde tán pátápátá. Ohun mìíràn tún ni pé nọ́ọ̀tù táyà ẹ̀gbẹ́ òsì ń tú sí òdìkejì ibi tí ti apá ọ̀tún ń tú sí. Àìmọye fọkanáísà ló ti fi gbogbo agbára ṣẹ́ bóòtù náà, nígbà tí ó rò pé òun ń tú u.

Ó tún ku ti eruku. Ọ̀dà ayé ìgbà náà lè ní òjé nínú, bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sì lè ní asbestos, èyí tí ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Kí a fi afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ fẹ́ eruku bíréèkì, kí ọmọ sì máa ṣeré nítòsí, ìwà ìkà ni. Ìbòmú tó péye, omi láti fi rẹ eruku, àti aṣọ iṣẹ́ tí kì í wọnú ilé: ẹni tí kò bá ní àwọn wọ̀nyí, kí ó má tíì bẹ̀rẹ̀.

Bí a bá pààrọ̀ ojú ọkọ́ àti èèkù rẹ̀

Bí àgbẹ̀ bá pààrọ̀ ojú ọkọ́, tí ó tún pààrọ̀ èèkù rẹ̀, ṣé ọkọ́ baba rẹ̀ ló ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ìbéèrè yìí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, títí kan àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá.

Ní Bovington, ní agbègbè Dorset nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ ìhámọ́ra Jámánì kan wà tí wọ́n ń pè ní Tiger 131. Àwọn ọmọ ogun Bírítéènì ló gbà á ní Tunisia ní oṣù Kẹrin ọdún 1943. Ní 1990 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe rẹ̀. Ìparí ọdún 2003 ni ó tó fi ẹ́ńjìnnì tí ń ṣiṣẹ́ padà wá síbi ìpàtẹ, iṣẹ́ sì tún ń lọ títí di 2012. Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì tí ó bá wá sáyé ló wà nínú rẹ̀. Láti inú Tiger irú mìíràn ni wọ́n ti yọ ọ́. Síbẹ̀, òun nìkan ni Tiger àkọ́kọ́ tí ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lágbàáyé, òun náà sì ni ó ṣeré nínú fíìmù Fury ní 2014. Bí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó ní òṣìṣẹ́ àti irinṣẹ́ bá lo ọdún mẹ́tàlá kí ọkọ̀ kan tó rìn, kí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ilé má ṣe dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé òun ń pẹ́.

Àwọn àgbà iṣẹ́ náà fẹnu kò sí ohun kan: kí ènìyàn sọ òtítọ́. Kọ ohun tí o pààrọ̀ sílẹ̀. Pa èyí tí o yọ mọ́. Ẹni tí yóò rà á lọ́jọ́ iwájú yóò fẹ́ mọ ohun tí ó jẹ́ ti 1943 àti ohun tí ó jẹ́ ti àná.

Ilé àti àpò owó

Ohun tí ó ń pa ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí kì í ṣe ìpẹtà. Owó ni, àti ọkàn tí ó rẹ̀. Ìnáwó rẹ̀ kì í dé lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń jò, bí orùlé tí ó ní ihò kékeré. Táyà lónìí, kàbúrétọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Nígbà tí owó ilé ìwé ọmọ bá dé, a kò ní mọ ibi tí ti ẹnu ọjọ́ gbà lọ. Ìdí nìyí tí àwọn jíìpù kan fi ń dé ọjà nínú páálí: ẹnì kan tú u palẹ̀, kò lè tò ó mọ́, ìyàwó sì ti ní kí ó yan ọ̀kan.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ọkàn yín bá fà sí irú iṣẹ́ yìí, ìbáà jẹ́ jíìpù ogun ní London, ìbáà jẹ́ Peugeot 504 bàbá yín tó wà lẹ́yìn ilé ní Ìbàdàn, ẹ bá ẹni tí ẹ jọ ń gbé sọ ọ́ kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹ ya owó rẹ̀ sọ́tọ̀, kí ó má dà pọ̀ mọ́ ti oúnjẹ. Ẹ má tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ lọ́jọ́ kan; apá kan ni kí ẹ mú, kí ẹ parí rẹ̀ kí ẹ tó kan òmíràn. Ẹ ya fọ́tò ohun gbogbo kí ẹ tó tú u, kí ẹ sì kọ orúkọ sára ọ̀rá tí ẹ kó nọ́ọ̀tù sí. Ẹ wá àwọn àgbà mẹkáníìkì, riwáyà àti páńẹ́ẹ̀lì-bítà rí, nítorí ọgbọ́n ọwọ́ wọn kò sí nínú ìwé, wọ́n sì ń dàgbà lọ.

Kí a tó béèrè iye tí wọ́n ń ta ọkọ̀ àtijọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa bóyá a lè dúró de ohun tí ó lè gba ọdún mẹ́ta, tàbí mẹ́wàá, tí kò sì ní mówó wọlé. Kí a tún bi àwọn ará ilé wa bóyá wọ́n lè bá wa dúró. Bí ìdáhùn méjèèjì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó kù kí a lọ wo abẹ́ ṣásì.